Àǹtí Télọ̀ àti Kóòtù Tó Ń Fẹ̀

Bí Ọjọ́ Ìrántí bá ti ń sún mọ́lé, ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Télọ̀ a máa rùn bí inú àpótí. Kì í ṣe òórùn burúkú. Òórùn káńfọ̀. Òórùn aṣọ òtútù tó ti sùn pẹ́. Òórùn tábà ẹni tí kò mu tábà mọ́. Kóòtù àwọn sójà àtijọ́ ni, tí wọ́n kó wá fún títúnṣe, tí Àǹtí Télọ̀ sì fi kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: àwọ̀ ewé gbígbẹ, bọ́tìnnì idẹ, èjìká líle. Ẹni tó bá ṣèèṣì wọlé nírọ̀lẹ́ a fẹ́rẹ̀ẹ́ kí wọn.

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, tí ibi iṣẹ́ tirẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù gan-an, kì í tilẹ̀ fi mọ ní fẹ́rẹ̀ẹ́. Á yọ orí wọlé, èérún igi á ṣì wà nínú irun rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbààgbà. Ṣé dáadáa lẹ wà?" Á dúró díẹ̀, á wá kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Wọn ò dá mi lóhùn. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ìwọ ni wọ́n ń bínú sí."

"Kí ni mo fi ṣe wọ́n?"

"Kí lo ò tíì fi ṣe wọ́n? Ọdọọdún lò ń bù wọ́n jẹ."

"Pa ẹnu ẹ mọ́, jọ̀ọ́. Ògiri létí."

Òótọ́ ni pé ó ń bù wọ́n jẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò sì kọjá àárín tọkọtaya yìí rí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọdún tí Àǹtí Télọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, Bàbá Dírẹ́bà gbé kóòtù wá pé kó bá òun fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ẹrù ni Bàbá Dírẹ́bà wà nígbà ogun, ẹnu rẹ̀ ò sì kúrò lórí ọkọ̀ náà títí di òní. Ó wọ kóòtù wò níwájú díńgí. Ọwọ́ aṣọ bo ìka rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ dá dúró láàárín kọ́là bí ọmọ odó nínú odó. Ó wo ara rẹ̀ títí. Ó bọ́ kóòtù, ó ká a, ó jókòó.

"Mi ò lọ mọ́. Kí wọ́n máa bá mi kí wọn níbẹ̀."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ní òun ò jẹ oúnjẹ alẹ́. Ọ̀rọ̀ bá yọ lẹ́nu Àǹtí Télọ̀ fúnra rẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin o. Aṣọ ni."

"Aṣọ báwo?"

"Irú aṣọ òtútù yìí, bó bá ti ń dàgbà ló ń fẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, n ó dá a padà sí bó ṣe wà."

Irọ́ funfun báláú. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá fẹ́ gba nǹkan gbọ́ kì í béèrè ẹ̀rí. Bàbá Dírẹ́bà nu ojú, ó ní òun náà ti ń fura.

Ọ̀nà tí Àǹtí Télọ̀ ń gbà ṣe é kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Á tú aṣọ tó wà nínú kóòtù, á ká ojú rírán sínú díẹ̀, á rán an, á da omi sí àkísà, á fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ títí á fi pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ rán inú rẹ̀ padà, kó má baà sí ohun tí ìka lè ṣàdédé kàn. Kì í gé e. Sísọ́ọ̀sì ò kan ibẹ̀. Ẹni tó bá gé e ti sọ pé ẹni tó ni aṣọ kò ní sanra mọ́ láyé. Ta ló fún un láṣẹ?

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi kárí: aṣọ ogun máa ń fẹ̀. Bàbá Wáyà, tó ń gba iṣẹ́ jẹ́ lórí ẹ̀rọ wáyà nígbà ogun, ní òjò ló ń fà á. Bàbá Dírẹ́bà ní òjò kọ́, oòrùn ni, òun tí òun wa ọkọ̀ nínú méjèèjì ló yẹ kó mọ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ni wọ́n ti jiyàn títí iyàn fi dìjà, tí ìjà fi dẹ̀rín. Ìyá Nọ́ọ̀sì nìkan, tó di ọgbẹ́ fún ìdajì ìlú nígbà náà, ni kò bá wọn dá sí i. Nígbà tí wọ́n lọ tán ló gbé kóòtù tirẹ̀ lé orí tábìlì.

"Tèmi náà ti fẹ̀." Ó wo Àǹtí Télọ̀ lójú kòrókòró. "Bá mi mú un wálẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kó fún mi jù o, mo ṣì ń mí."

Kí ló wá dé tí kóòtù fi tó ohun tí ènìyàn ń purọ́ lé lórí?

Ìrìn ni. Lọ́jọ́ Ìrántí, àwọn tó lọ sógun máa ń rìn láti iwájú káńsù lọ sí ibi òkúta ìrántí, níparí ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Télọ̀ ni wọ́n ń gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n kún ojú ọ̀nà fọ́fọ́, mẹ́rin mẹ́rin, kálukú ní àyè tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá kú, ẹnikẹ́ni kì í bọ́ sí àyè rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn kì í sún síwájú. Ẹ̀gbẹ́ kì í sún mọ́ ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n ti dín tó, tí wọn ò kún ọwọ́ kan mọ́, ìlà wọn ṣì gùn bó ṣe gùn níjọ́sí. Bàbá Sájẹ́ǹtì níwájú pátápátá. Òfìfo. Ìyá Nọ́ọ̀sì lápá òsì. Òfìfo gígùn. Bàbá Wáyà. Òfìfo. Bàbá Dírẹ́bà lọ́hùn-ún lẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n gbàgbé. Àlejò tó bá rí wọn á rò pé ṣe ni wọ́n jà.

Ará ìlú mọ̀. Ìyá á gbé ọmọ sókè, á na ìka sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni: "Wò ó, bàbá-bàbá ẹ nìyẹn." Ọmọ náà á sì juwọ́.

Àyè bàbá Àǹtí Télọ̀ wà ní ìlà kejì, apá ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà. Ọkùnrin náà ti ogun bọ̀ láàyè, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó kú sórí ibùsùn rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà ayé rẹ̀, bó bá ń rìn kọjá, kò ní yíjú. Ó ní sójà tó bá wà lórí ìlà kì í wo ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n ìka kan á mì lára ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé òun ni wọ́n kí. Ní báyìí, òfìfo náà ló ń kọjá. Àǹtí Télọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, tépù lọ́rùn, á wò ó kọjá. Kò sí ẹkún ńbẹ̀. Ó kàn rí bí ìgbà tí ará ilé ẹni bá gba iwájú ilé ẹni kọjá, tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́dún yìí ni akọ̀wé káńsù wá mú ọ̀rọ̀ àga wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò ní èrò burúkú nínú. Lọ́dún tó kọjá, Bàbá Wáyà fi ẹsẹ̀ kọ létí gọ́tà, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Akọ̀wé ní káńsù yóò ta ìbòrí sí ẹ̀gbẹ́ òkúta, yóò to àga tó ní tìmùtìmù síbẹ̀. Àwọn àgbà á jókòó. Àwọn ọmọ ilé-ìwé á bá wọn rìn.

Àwọn àgbà pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ohun tí Sájẹ́ǹtì bá ṣe làwọn náà á ṣe: bó bá rìn, àwọn á rìn, bó bá jókòó, àwọn á jókòó. Sájẹ́ǹtì bá gé ọ̀rọ̀ náà kúrú.

"Ọjọ́ tí kóòtù mi bá kọ̀ mí ni n ó jókòó. Kò tíì kọ̀ mí."

Nígbà tí Àǹtí Télọ̀ gbọ́, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ dọwọ́ òun nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rán aṣọ lórí ẹ̀rọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lórí ọ̀nà, òkú lè ní àyè. Nínú àga ńkọ́? Ta ló ń fi àga onítìmùtìmù sílẹ̀ fún òkú? Ẹnì kan tí ẹsẹ̀ ń dùn á kàn wá jókòó sí i. Bí wọ́n bá jókòó lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Òun ò ní rí bàbá òun mọ́.

Ìyẹn lohun tó gbé sọ́kàn. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ṣe àṣìṣe.

Láti ìgbà tí ìyàwó Bàbá Sájẹ́ǹtì ti ṣaláìsí, búrẹ́dì àti tíì ni bàbá náà ń jẹ. Ọdọọdún ló ń jò. Ọdọọdún ni Àǹtí Télọ̀ ń gba kóòtù rẹ̀ sínú. Lọ́dún yìí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, alásè ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, wá bá a gbé. Òun ló gbé kóòtù wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ikọ́ ń dà á láàmú, kò lè jáde. Ó ní kí ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é."

Àǹtí Télọ̀ ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é. Kò béèrè. Ọwọ́ tó ti mọ ọ̀nà kì í béèrè lọ́wọ́ ojú.

Ilẹ̀ Ọjọ́ Ìrántí mọ́ kedere. Oòrùn tutù, wọ́n ti gbá ojú ọ̀nà, ariwo fèrè àwọn ọmọ ilé-ìwé ń bọ̀ láti òkèèrè, ó ń ṣìnà, ó ń padà. Àǹtí Télọ̀ ń fi omi nu iwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tó rí Bàbá Sájẹ́ǹtì tó ń bọ̀, kóòtù ní ọrùn láìdè, àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn tó ń sáré tẹ̀lé e. Kóòtù kọ́ ló kọ́kọ́ rí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rogodo, tó ń dán.

Ó ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Èwo ni káàárọ̀? Wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ." Ó fa ẹ̀gbẹ́ kóòtù méjèèjì. Bọ́tìnnì wà níbí, ihò rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, wọ́n ń wo ara wọn bí àna méjì tó ń bára wọn yan odì.

"Mo ní kó fa ikùn sínú," ni àbúrò rẹ̀ wí, "ó ní sójà kì í fa ikùn."

"Ikùn ta ni? Ikùn tí ìwọ kọ́ sí mi lára!"

"Èmi ni mo ní kí ẹ máa na àwo síta lẹ́ẹ̀mejì?"

"Bí wọ́n bá se é dáadáa, kí n máa wò ó ni?" Ó yíjú sí Àǹtí Télọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Kóòtù ti kọ̀ mí, ọmọ mi. Mo sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ mi lọ̀rọ̀ mi. Mò ń lọ sọ fún akọ̀wé pé kí wọ́n to àga. Kí n má baà gba iwájú ẹ kọjá bí olè ni mo ṣe yà."

"Bàbá, ẹ dúró ná."

"Dúró kí ni n ó ṣe? Ìwọ lo sọ pé ó ń fẹ̀. Àṣé ó tún ń sún kì."

Irọ́ mìíràn ti wọṣọ, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí wọ́n pè é. Ìrì. Káńfọ̀ tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kóòtù tó bá sún kì fúnra rẹ̀ kò ní ìwòsàn, télọ̀ kankan ò sì lè tún un ṣe lójú ẹni tó ni ín kí fèrè tó dún. Bó bá purọ́, àga. Bó bá sòótọ́, bóyá bàbá náà kò ní wọ ohun tó ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá mọ́ láyé.

Ó fa àga kan sún mọ́ ọn. "Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ bọ́ ọ fún mi."

Ó yí kóòtù sódì, ó fi abẹ́rẹ́ tú aṣọ inú rẹ̀ láti abíyá dé ìsàlẹ̀, ó là á.

"Aṣọ kì í fẹ̀," ló wí.

Àbúrò Sájẹ́ǹtì fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Sájẹ́ǹtì tẹ̀ síwájú lórí àga. Ó na àtàǹpàkò, ó fi tọ ojú rírán tó wà lórí ara wọn bí ewé alùbọ́sà.

"Kí lèyí?"

"Tọdún yìí. Àṣìṣe mi nìyẹn, mi ò wọ̀n yín."

"Eléyìí?"

"Tọdún tó kọjá."

Àtàǹpàkò náà ń sọ̀kalẹ̀. Ó dúró. "Eléyìí nípọn."

"Ọdún tí Màmá lọ ni."

Fèrè àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣìnà, ó dákẹ́. Lẹ́yìn ògiri, ayùn káfíńtà náà dákẹ́.

"Èmi ni gbogbo eléyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Mi ò gé kankan sọnù."

"Ò ń fi mí pamọ́ sínú kóòtù mi." Kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ bóyá inú ń bí i. "Ta ló gbọ́ sí i?"

"Ọkọ mi nìkan."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o!" Ohùn káfíńtà ló ti ẹ̀yìn ògiri wá.

Bàbá Sájẹ́ǹtì wo ògiri. Ó wo Àǹtí Télọ̀. "Ti Dírẹ́bà náà?"

"Gbogbo yín. Ti Dírẹ́bà ni mo fi bẹ̀rẹ̀."

"Dírẹ́bà! Dírẹ́bà tó ń fọ́nnu kiri pé bí ara òun ṣe wà lójú ogun ló ṣe wà! Pé aṣọ ló ń fẹ̀, òun ò yí padà!" Ikùn tuntun náà ló kọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn náà èjìká. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́, tí ikọ́ tún fi di ẹ̀rín, tí àbúrò rẹ̀ fi ń gbá a lẹ́yìn. Nígbà tó simi, ó nu ojú.

"Kóòtù ò kọ̀ mí nígbà náà."

"Kò kọ̀ yín rárá. Èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ yín síta."

"Ṣí i. Tú tọdún yìí." Ó rò ó wò, ó yọ́ àbúrò rẹ̀ wò. "Tú tọdún tó kọjá mọ́ ọn. Ẹni yìí ò tíì ṣe tán lórí mi."

"Èyí tó nípọn ńkọ́, Bàbá?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó wà."

Àǹtí Télọ̀ bẹ̀rẹ̀. Òwú ń já, áyọ́ọ̀nù ń hó lórí àkísà tútù, àpá ibi tí aṣọ ti ká ń lọ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé káńsù dé ẹnu ọ̀nà, ó ń làágùn.

"Bàbá, wọ́n ti tò o. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní àwọn ò ní gbé ẹsẹ̀ bí àwọn ò bá rí yín, àwọn ò sì ní jókòó. Ṣé kí n ní kí wọ́n gbé àga yín sún mọ́ iwájú?"

"Àga wo? Ṣé o ò rí i pé kóòtù mi wà lọ́wọ́ télọ̀ ni?"

"Ẹ má bínú," ni Àǹtí Télọ̀ wí fún un, abẹ́rẹ́ láàárín eyín, "ẹ bá mi di ọwọ́ kóòtù yìí mú. Ẹ fà á. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kan ilẹ̀."

Akọ̀wé dì í mú. Kí ni ìbá ṣe? Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Télọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ìrántí ti di ọmọṣẹ́.

Wọn ò rí ààyè rán inú rẹ̀ tán. Ojú ọ̀nà ni Àǹtí Télọ̀ ti parí rẹ̀, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá Sájẹ́ǹtì bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí fún abíyá rẹ̀, àwọn méjèèjì ń yára lọ. Níwájú káńsù ló fi eyín gé òwú. Bọ́tìnnì wọ ihò. Àyè tilẹ̀ ṣẹ́kù fún oúnjẹ ọ̀sán.

Bàbá Dírẹ́bà ké láti àyè rẹ̀ lọ́hùn-ún lẹ́yìn. "Sájẹ́ǹtì! Kí ló dá yín dúró? A ti fẹ́ hu gbòǹgbò!"

"Kóòtù mi ló fún mọ́ mi. Mo ti sanra. Tìẹ ńkọ́?"

"Tèmi fẹ̀ díẹ̀, bí ìṣe rẹ̀. Wọ́n ti mú un wálẹ̀."

"Mo rí i. Ara ẹ ò yí padà rárá."

"Ẹ ẹ̀ rí nǹkan!" Bàbá Dírẹ́bà na ọrùn bí àkùkọ. Bàbá Sájẹ́ǹtì kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn wo Àǹtí Télọ̀ fìrí, ó kọjú síwájú.

Àǹtí Télọ̀ sáré padà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń bọ̀. Bàbá Sájẹ́ǹtì, àyà rẹ̀ kún inú kóòtù gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, lápá ọ̀tún, ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó wò ó kọjá. Ìyá Nọ́ọ̀sì kọjá. Òfìfo tó gùn kọjá, àwọn ènìyàn ń bọ́ fìlà fún un. Bàbá Wáyà ń wo gọ́tà tìfuratìfura. Bàbá Dírẹ́bà. Lẹ́yìn wọn pátápátá, àwọn ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú fèrè wọn, tí ẹnì kan ti kìlọ̀ fún kí wọ́n má sún mọ́ ìlà.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkúta, gbogbo ọ̀nà dákẹ́. Àǹtí Télọ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ láti ọ̀ọ́kán, ó gbọ́ ti bàbá rẹ̀, ó dáhùn lábẹ́ ohùn, ó wọlé lọ gbá òwú tó kún ilẹ̀. Ọkọ̀ káńsù ló máa ń kó àwọn àgbà padà sílé. Ó rí ọkọ̀ náà tó kọjá. Òfo ló kọjá. Awakọ̀ káńsù ju èjìká sókè fún un láti ojú fèrèsé.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ bàtà.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ fẹ́ pa wá ni?" Bàbá Dírẹ́bà nìyẹn.

"Ogun ò pa ẹ́, ìrìn ni yóò pa ẹ́?"

"Ogun, ọkọ̀ ni mo fi jà á! Mi ò fi ẹsẹ̀ jà á!"

"Máa bọ̀ ní tìẹ. Bí a ṣe rìn lọ la ó ṣe rìn bọ̀. Mo ní agbára ẹ̀ lára lọ́dún yìí."

Káfíńtà ti jáde, ó di ayùn mú. "Kí ni wọ́n gbàgbé tí wọ́n fi ń padà bọ̀?"

Àǹtí Télọ̀ ti ń wo apá ọ̀tún ìlà wọn. Wọ́n ti yí padà. Apá ọ̀tún wọn ti bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà, ó jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbá etí aṣọ rẹ̀ mú, ó sáré sọdá, tépù ń fò lọ́rùn rẹ̀, ó dúró létí ọ̀nà lọ́hùn-ún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá Sájẹ́ǹtì kọjá, kò yíjú.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ti rí i láti apá òsì. Ó gbé ohùn sókè kọjá gbogbo òfìfo tó wà láàárín wọn.

"Sún sẹ́yìn díẹ̀, ọmọ mi. Bàbá ẹ ń kọjá."